Ìbọn Ṣakabùlà Kì í Yára: Lórí Àríyànjiyàn Sinimá Ogun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Láti ìgbà tí sinimá ogun ilẹ̀ Yorùbá ti ń jáde léraléra, ẹjọ́ mẹ́ta kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wò ó, ìbáà ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, ìbáà ṣe ní Kútọ̀, níbí ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan ní kò jọ ogun gidi, pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Àwọn kan ní ọmọ ogun kéré, pé ìlú wo ló máa kó àádọ́ta ènìyàn jáde tí yóò ní òun ń lọ jagun. Àwọn kẹta, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ àgbà, ní ìjà pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn jà sí. Lójú tiwa, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ ẹni tó ń ki ìbọn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ogun tí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ogun tí Dàhòmì, ìjọba tó wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, gbé wá ba Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1851. Ṣakabùlà ni ìbọn tó pọ̀ jù lọ́wọ́ tọ̀túntòsì lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Ẹni tó ni ín á fi ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ á kọ sókè. Á da ẹ̀tù sí i láti inú àdó, bíi gírámù 7 sí 10. Á ki òwú tàbí èèpo igi tí a ti rún lé e kí ẹ̀tù má baà tú. Lẹ́yìn náà ló kan ọta: òjé bí ó bá rí i, èérún irin bí kò bá rí i, nígbà mìíràn òkúta wẹ́wẹ́. Á tún ki òwú mìíràn lé e lórí, á wá fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ títí yóò fi le. Kò tíì tán o. Á gbé ìbọn náà dá ní ìbú, á bu ẹ̀tù kíkúnná díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà létí rẹ̀, á dé e, á fa òòlù tó di akọ òkúta tí ń ṣáná mú sẹ́yìn. Ìgbà náà ló tó lè yìn ín.

Sójà òyìnbó ìgbà náà, tí wọ́n ti di ẹ̀tù àti ọta pọ̀ sínú bébà fún, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa dánra wò lọ, lè yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń dà á láti inú àdó kò lè bá a dé ibẹ̀. Ìwé ìtàn sọ nípa àwọn obìnrin ológun Dàhòmì pé ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni wọ́n fi ń ki ìbọn, nígbà tí àwọn ọkùnrin wọn ń lo 50. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú ogun. Olùdarí tó bá mọ̀ ọ́n ti rí ìdí tí àwọn obìnrin náà fi ń ba ènìyàn lẹ́rù, láìjẹ́ pé ó ní kí wọ́n máa fò bí ológbò inú eré.

Nínú sinimá tiwa, ọkùnrin kan á yin ṣakabùlà síwájú, á yí padà, á yin òmíràn sẹ́yìn, á tún yin ẹ̀kẹta. Ọ̀dọ́ tó ń wò ó lórí fóònù lè má mọ ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ kò ní bẹ̀rù fún ọkùnrin yẹn. Kí ló máa bẹ̀rù sí? Ìbọn tí kì í tán kò ní ewu nínú. Ẹni tó yìnbọn tán ní 1851, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun fi máa ń lọ síwájú ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: àwọn tó yìn tán á fà sẹ́yìn lọ ki tiwọn, àwọn tó ti ki á bọ́ síwájú. Kí kámẹ́rà dúró sójú ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láìgé e, kí ọ̀tá máa dún bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọ̀pá ìbọn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìran yẹn kò nílò ẹ̀jẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọfọ̀ ti wúlò. Ohun tí àwọn òǹwòran fi ń rẹ́rìn-ín jù nínú sinimá ogun ni pé ọ̀tá á dúró bí ère títí akọni á fi pe ọfọ̀ tán. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí akọni bá ń pe ọfọ̀ rẹ̀ bó ti ń da ẹ̀tù, tó ń pè é bó ti ń gún ọta, ta ló máa bi í pé kí ló dé tó pẹ́? Ọ̀tá tó wà níwájú rẹ̀ náà ń ki tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ki tán ló ni ọjọ́.

Ìbọn náà sì máa ń kọ̀. Akọ òkúta lè ti pá, kó má ṣáná mọ́. Ẹ̀tù inú àwo lè ti rin. Ihò tín-ń-tín tí iná ń gbà wọ inú ọ̀pá ìbọn lè ti dí fún èérí, nítorí ẹ̀tù ìgbà náà, tí wọ́n ń fi iyọ̀ ẹ̀tù 75, èédú 15 àti imí-ọjọ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún po, máa ń fi èérí púpọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyìn bíi mẹ́wàá, ọ̀pá tí a fi ń gún un kì í wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́. Ó yẹ kí a rí ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń ta iná létí lásán tí kò dún, nítorí ọ̀pọ̀ ló kú bẹ́ẹ̀. A kì í rí i, àfi bí ó bá jẹ́ pé oògùn ọ̀tá ló dí i lẹ́nu, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Iná ìbọn òde òní ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ṣakabùlà, èyí tó rí bí ìràwọ̀, tó mọ́ tónítóní. Ìgbà méjì ni ṣakabùlà ń tanná: létí kọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹni tó ń yìn ín, lẹ́yìn náà lẹ́nu. Àlàfo tó wà láàrin méjèèjì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn àwòrán méjì tàbí mẹ́ta bí a bá ń ya 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn náà ń lọ ní mítà bíi 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí èéfín bá sọ ní mítà 100 sí kámẹ́rà, kí ohùn tẹ̀ lé e lẹ́yìn àwòrán méje. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún ẹni tó ń to ohùn, kò sì gba kọ́bọ̀ kan sí i.

Ó kan ti èrò. Àwọn tó kọ ìròyìn ogun 1851 fojú bu àwọn ọmọ ogun Ghezo, ọba Dàhòmì, sí 10,000 sí 16,000. Kò sí olùṣe sinimá tó máa kó iye yẹn jáde níbí, kò sì pọn dandan. Ju ìlàjì ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú lọ ni kì í jó di afẹ́fẹ́. Ó máa ń jáde bí eruku, òun ló ń di èéfín funfun yẹn. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, lẹ́yìn ìyìn àkọ́kọ́ ènìyàn kì í rí ohun tó kọjá ogún ìṣísẹ̀ dáadáa mọ́. Nítorí náà, ẹni 40 nínú èéfín, kámẹ́rà ní ìwọ̀n ojú ènìyàn, lẹ́ǹsì gígùn mílímítà 135 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ń fún wọn pọ̀, á jọ ogun ju ẹni 200 nínú pápá tó mọ́lẹ̀ kedere lọ. Àmọ́ àwọn ará wa fẹ́ràn dróònù. Wọ́n á gbé e lọ sókè, a ó sì rí gbogbo ọmọ ogun náà bí ọmọ iléèwé tó tò fún àdúrà àárọ̀, pápá òfìfo yí wọn ká. Bí ó bá di dandan kí a wo ogun láti òkè, ìlú yìí ní àpáta Olúmọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè dé ni, ẹni tó bá ti ibẹ̀ wò ó sì lè jẹ́ ẹnì kan nínú ìtàn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí 80 di 800 lè ṣe é. Kí ó de kámẹ́rà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan lẹ́ǹsì tàbí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ mọ́. Kí ó to àwọn 80 sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ó yà wọ́n, kí ó kó wọn sún, kí ó tún yà wọ́n, títí yóò fi di ibi mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà á so wọ́n pọ̀. Oòrùn ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí a bá ya apá òsì ní aago mẹ́wàá, tí a jẹun, tí a wá ya apá ọ̀tún ní aago méjì, òjìji àwọn kan á kọ sí ìwọ̀-oòrùn, ti àwọn kejì á kọ sí ìlà-oòrùn, ojú òǹwòran á sì kọ̀ ọ́ bí kò tilẹ̀ mọ ìdí. Kí gbogbo rẹ̀ parí láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí àwọn tó wà níwájú lọ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n pààrọ̀ fìlà, nítorí ọkùnrin aláte pupa kan ṣoṣo tó bá hàn ní ibi mẹ́rin ló máa di ẹ̀fẹ̀ lórí ìkànnì. Kí ọ̀kọ̀ ẹnikẹ́ni má kọjá ààlà tirẹ̀. Èéfín ló gbẹ̀yìn, òun ló ń bo ojú ìránpọ̀.

Iye ènìyàn nìkan kò sì ra ọkàn òǹwòran. Olùdarí sinimá kan, Sergei Bondarchuk, kó sójà Rọ́ṣíà bíi 15,000 jáde fún sinimá Waterloo ní 1970. Ojú kò rí irú rẹ̀ rí, síbẹ̀ owó tí wọ́n ná lé e kò padà wọlé.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé kámẹ́rà tó ń mì ló ń mú sinimá jọ òótọ́. Sinimá Saving Private Ryan ti 1998 ni wọ́n ti rí i. Ohun tí Janusz Kaminski, ẹni tó bójú tó kámẹ́rà sinimá náà, ṣe níbẹ̀ ju kí kámẹ́rà mì lọ: ó dín àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń là kù láti nǹkan bí ìdá kan nínú 48 ìṣẹ́jú-àáyá sí ìdá kan nínú 96, tàbí 192 pàápàá, tó fi jẹ́ pé gbogbo èérún yanrìn tó fò sókè ló dá dúró lójú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e dé 192 gbọ́dọ̀ wá ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Oòrùn ọ̀sán lè gbà á. Abẹ́ igi inú igbó kò gbà á, àwòrán á dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹni tó kàn ń mi kámẹ́rà, òòyì ló ń kọ́ àwọn ènìyàn.

Ní ti ìtàn, ẹ̀sùn àwọn àgbà ló rinlẹ̀ jù. Ìwọ̀-oòrùn ni Dàhòmì ti wá, Odò Ògùn sì wà láàrin àwọn àti ìlú. Bí kámẹ́rà bá kọjú sí àríwá, ọwọ́ òsì ni kí wọ́n ti máa wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá yí i padà lẹ́ẹ̀kan láìsọ ìdí, kò sí ẹni tó máa mọ Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí Dàhòmì nínú èéfín yẹn mọ́. Ìtàn Ìṣàgà, ìlú kan tó wà lọ́nà tí Dàhòmì gbà wá, sì wà níbẹ̀ tí a kò lò. Àwọn ará Ìṣàgà gba ọmọ ogun Ghezo lálejò, wọ́n ní kí wọ́n kọ lu ìlú lọ́sàn-án, ní ìhà Àró, níbi tí Ẹ̀gbá ti tún odi ṣe, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1862, Dàhòmì padà wá pa Ìṣàgà run. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ẹ̀san yẹn fi wà lọ́nà. Èyí tó ń kọ eré tó sì ń wá ìtàn kiri, kí ló tún fẹ́?

Ta ló sì ń ra ẹ̀tù? Kò sí sinimá tó ń sọ ọ́. Àdó tó wà lọ́rùn ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ló kún un. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni ẹrù ń gbà bọ̀ láti etí òkun ní àwọn ọdún yẹn. Nígbà tí Dàhòmì tún dé ní 1864, lábẹ́ Glele, ọba tó jẹ lẹ́yìn Ghezo, Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n ti lé kúrò ní Èkó ní 1856, wà lára àwọn tó pèsè ẹ̀tù àti ọta fún Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde lẹ́yìn náà. Ìran kan ṣoṣo níbi tí obìnrin oníṣòwò ti ń wọn ẹ̀tù fún balógun, tó ń sọ fún un pé èyí kò ní tó ju ìyìn mẹ́wàá lọ, á jẹ́ kí a máa ka gbogbo ìbọn tó bá dún lẹ́yìn náà. Ìgbà náà ni ẹni tó wà ní àga ẹ̀yìn á mọ ìdí tí balógun fi ń pariwo pé kí wọ́n má tíì yìn ín.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò pọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi páànù gé bátànì rẹ̀, ohun ọ̀rúndún ogún ni. Kí ọmọ ogun 1851 wọ òfì tàbí aṣọ tí a rẹ sínú aró lásán. Ẹṣin náà kò pọ̀ lójú ogun Ẹ̀gbá àti Dàhòmì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jà, nítorí náà kí wọ́n fi owó ẹṣin ra èéfín. Odi ìlú kò ga bí ilé alájà méjì, odi amọ̀ ni, yàrà ló wà níwájú rẹ̀. Oṣù Kẹta sì ni, koríko ti gbẹ, omi Ògùn ti fà débi pé ẹsẹ̀ lè sọdá. Ẹni tó bá lọ yà á ní oṣù Keje, tí ewéko tutù minimini, tí odò kún dé bèbè, á ní láti ṣàlàyé fún wa bí Dàhòmì ṣe gba inú omi kọjá tí ẹ̀tù wọn kò sì rin.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀mọ̀, Abẹ́òkúta.