Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Orí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Ìyàwó yín ti sọ fún mi pé kókó wà lẹ́yìn iwájú orí yín, lókè imú gan-an, àti pé ojú nìkan lẹ bi dókítà léèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í nípa imú náà.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe ní tíátà l'Ákùúrẹ́ níbí ló jẹ́ kí n máa bẹ̀ yín. Iṣan tó ń gbé òórùn lọ sí ọpọlọ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, inú egungun kan tó lu wínníwínní bí asẹ́ ló ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá sún ọpọlọ díẹ̀ kí wọ́n lè rí kókó, iṣan náà lè já.

Tó bá já, ahọ́n yín á ṣì mọ iyọ̀, á mọ ṣúgà, á mọ ìkorò, ṣùgbọ́n ìrú ò ní ta sánsán mọ́. Ti kòkó ló wá ká mi lára jù. Ẹ ó ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí òkìtì kòkó tútù tí ẹ bò kó lè kan, ẹ ó tẹ̀ ba, ẹ ó fa imú. Òórùn ọtí ni, ẹ ó bò ó padà. Ó ti kan, ẹ ó yí i. Ó fẹ́ máa rà, kíá, ẹ ti kó o sí oòrùn. Gbogbo oníkòkó l'Óńdó ló mọ̀ pé ẹ kì í ṣì í.

Bó bá jẹ́ iṣan ojú tàbí ti etí ni, ẹ̀rọ wà tí a ń so mọ́ aláìsàn tó ti sùn, tó ń kìlọ̀ fún dókítà. Ti imú le. Ẹni tó sùn ò lè sọ pé òun gbọ́ òórùn, oògùn tí a fi gbé e sùn sì máa ń bomi paná ìdáhùn ọpọlọ. Ní 1996, àwọn dókítà kan ní Japan jábọ̀ pé àwọn fi iná mànàmáná kékeré ta awọ inú imú, àwọn sì gba èsì rẹ̀ lórí iṣan òórùn náà. Inú mi dùn gan-an sí i, àmọ́ kò tíì di ohun tí ẹ máa bá ní gbogbo tíátà.

Nítorí náà, kí wọ́n dán imú yín wò ṣáájú, ihò kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ dijú. Kọfí, ọṣẹ tàbí ọsàn ni kí wọ́n lò. Kì í ṣe Róòbù o! Iṣan mìíràn ló ń gbé títa rẹ̀. Ẹni tí imú rẹ̀ ti kú pátápátá á ṣì ní òun gbọ́ ọ. Kí ẹ sọ fún dókítà pé imú lẹ fi ń jẹun, kí ẹ bi í bóyá ó lè dá iṣan ẹ̀gbẹ́ kan sí, torí ẹ̀gbẹ́ kan péré tó bá ṣẹ́kù lè tó yín í lò.

Bó bá ní kókó ti lẹ̀ mọ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó yọ ọ́. Ẹ̀mí yín ló ṣáájú. Kí ẹ tó délé nígbà náà, a ó ti gbé sílíńdà gáàsì kúrò nínú kíṣìnì síta, torí ẹ ò ní mọ̀ tó bá ń jò, ọmọ yín àgbà á sì máa bá yín fa imú sí òkìtì kòkó.

Àbúrò yín