Ìwé Pédígírì Láìsí Àyẹ̀wò DNA, Kí La Fẹ́ Fi Ṣe?

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, inú ń bí mi gan-an.

Àná ni mo rí i lórí Facebook pé ọkùnrin tó ta ọmọ Rottweiler fún mi tún ti gbé ọmọ ajá tuntun jáde, bàbá kan náà, ìyá kan náà, ó ní pédígírì wọn, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìran ajá, pé. Pédígírì wo? Tèmi náà ní pédígírì, ₦400,000 ni mo kó sílẹ̀, ajá ọ̀hún ò lò tó oṣù márùn-ún láyé.

Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́. Tó bá sáré díẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ohùn ẹ̀ há, oúnjẹ ń há a lọ́fun, nígbà tó yá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò gbé e mọ́. Ẹni tó tà á ní mi ò mọ ajá tọ́jú ni. Dókítà ẹran wa ló fi òwú họ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, a fi ránṣẹ́ sókè òkun fún àyẹ̀wò DNA, èsì dé: JLPP, àìsàn àjogúnbá tó ń ba iṣan ọ̀fun àti ẹsẹ̀ ajá jẹ́, kò gbóògùn. Àwọn ọmọ mi ṣì ń sunkún ẹ̀.

Gbogbo wa la mọ AA, AS àti SS. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ yìí rí: bàbá gbé àbùkù àìsàn náà sínú ẹ̀jẹ̀, ìyá náà gbé e, ara àwọn méjèèjì le koko, àmọ́ tí wọ́n bá ti gun ara wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ewu 25% láti ṣàìsàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so yìgì, kí ló dé tí ẹni tó ń fi ajá ṣòwò ò lè họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá méjì péré?

Àwọn aláṣẹ ńkọ́? Wọ́n sùn. Káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n béèrè.

Ohun témi fẹ́ nìyí: kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ ajá ní ìwé pédígírì àfi tí èsì DNA bàbá àti ìyá bá wà lára ìwé ọ̀hún, pẹ̀lú nọ́ńbà microchip wọn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá, kí wọ́n má baà fi èsì ajá ẹlòmíì tàn wá jẹ. Mi ò ní kí wọ́n pa ajá tó gbé e o. Èyí tó dà bí AS lè gun AA, ìkankan nínú ọmọ wọn ò ní ṣàìsàn yìí, kí wọ́n kàn yẹ àwọn ọmọ náà wò kí wọ́n tó fi wọ́n bímọ. Tá a bá lé gbogbo wọn dànù, ìwọ̀nba ajá tó kù á máa gun mọ̀lẹ́bí ara wọn, àìsàn àjogúnbá míì á tún yọjú. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí fún ajá.

Kí wọ́n ya X-ray egungun ìdí wọn náà, torí àìsàn ibẹ̀ náà lè jẹ́ àjogúnbá. Kí àwọn fásitì tó ń kọ́ dókítà ẹran bá wa máa ṣe àyẹ̀wò DNA yìí nílẹ̀ wa níbí.

Mo tún un sọ, bàbá kan náà, ìyá kan náà ló tún fi bí òmíì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra Rottweiler lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè èsì DNA òbí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀.

Òǹkàwé yín, Bódìjà, Ìbàdàn