Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Látọ̀dọ̀ Àwa Tá À Ń Ṣiṣẹ́ Ìgbafẹ́ Létí Òkun Èkó: Ẹ Bá Wa Fi Ibì Kan Sílẹ̀ Fún Gbogbo Èèyàn

Sí Alága káńsù wa, àwọn káńsẹ́lọ̀, àti ẹ̀yin orí adé àti ìjòyè tí ilẹ̀ etí òkun wà níkàáwọ́ yín.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa. Àwa tá a kọ ìwé yìí ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìgbafẹ́ létí òkun. Àwọn ẹlẹ́ṣin wà nínú wa, àwọn onífótò wà níbẹ̀, àwọn tó ní jangilófà táwọn ọmọdé ń gùn, àwọn tó ń yáni ní kánópì àti àga, àwọn ìyá tó ń yan ẹja, àwọn tó ń ta àgbọn àti súyà, àtàwọn géńdé tó ń fi okùn àti táyà fa èèyàn yọ nínú omi tẹ́nikẹ́ni ò sì sanwó fún wọn. Ohun tá a wá bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ bá wa ya apá kan sọ́tọ̀ létí òkun yìí, kó wà nínú ìwé ìjọba, kẹ́nikẹ́ni má lè tà á, kẹ́nikẹ́ni má ṣe fẹ́ǹsì sí i, kí mẹ̀kúnnù lè máa kó ọmọ ẹ̀ wá síbẹ̀ láìsan owó géètì, káwa náà sì rí ibi tá a ó máa dúró ṣiṣẹ́ tí wọn ò ní máa lé wa kiri.

Ẹni tó bá gbọ́njú sí Èkó láyé Bar Beach, etí òkun tó wà ní Victoria Island, mọ ohun tá à ń sọ. Kò sí géètì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mólúè tàbí dánfó, ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá Ahmadu Bello Way, ẹ ti dé òkun nìyẹn. Tó bá ti di ọjọ́ kejì Kérésì, tàbí ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tàbí ọdún Iléyá, ẹ ò ní ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀, torí láti Mushin, láti Ajégúnlẹ̀, láti Agége làwọn èèyàn ti ń wá, bàbá gbé ọmọ sí èjìká, ìyá gbé kúlà ìrẹsì lérí. Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà lápá kan pẹ̀lú àbẹ́là àti agogo, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù lápá kejì, ẹṣin ń gba àárín wọn kọjá. Kódà nígbà tí ìjọba ológun ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè níbẹ̀, bí wọ́n ṣe pa Ishola Oyenusi ní oṣù kẹsàn-án 1971 tí èrò rẹpẹtẹ wá wò ó, àwọn ẹbí ò torí ìyẹn yéé kó ọmọ wọn wá ṣeré, torí kò síbòmíì tí wọ́n lè kó wọn lọ tí kò ní ná wọn lówó.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ṣẹ́. Àwọn onífótò wa láyé fíìmù, tí wọ́n bá ti yà yín lórí ẹṣin, ẹ ó san ìlàjì owó, ẹ ó kọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n á gbé fótò náà wá bá yín nílé kí wọ́n tó gba ìyókù. Ìgbà tó yá ni kámẹ́rà tó ń pọ fótò jáde lójú ẹsẹ̀ dé, lẹ́yìn ìyẹn kámẹ́rà dígítà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́pá, ní báyìí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, iṣẹ́ fótò ti dín kù gan-an. A ò di ẹ̀bi ìyẹn ru ẹnikẹ́ni, ayé ló ń yí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń bá àwọn oníbàárà ya fídíò báyìí. Èyí tó ń dùn wá jù ni pé ilẹ̀ tá a ó dúró lé gan-an ló ń tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa jangilófà, torí àwọn kan ti ń sọ fún yín pé irin wóroko ni, pé ó léwu, kẹ́ ẹ kó o kúrò. Jangilófà tiwa, ọwọ́ la fi ń yí i, kò ní ẹ́ńjìnnì. Géńdé kan á dúró lápá ọ̀tún, ìkan á dúró lápá òsì, ẹni yìí á tì í, ẹnìkejì á gbà á, tọ́mọ bá pariwo pé òun ń bẹ̀rù, wọ́n á fàyà gbà á dúró lójú ẹsẹ̀. Atẹ́gùn òkun níyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ irin, nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ bá dè nígbà òjò, tó bá fi máa di àsìkò Kérésì ó ti dípẹtà. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ kọ́dún tó dé, a ó fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò, a ó fi gírísì sí ojú ibi tó ń yí, a ó pààrọ̀ gbogbo nọ́ọ̀tì tó ti jẹ, a ó wá kùn ún lọ́dà. Ẹni tó sanra jù nínú wa ló máa ń kọ́kọ́ jókòó sí i tá a ó yí i dáadáa, kí ọmọ ẹlòmíì tó fìdí kan ibẹ̀. Tí káńsù bá lè máa rán ẹnjiníà wá yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú ọdún, tó sì fọwọ́ síwèé fún èyí tó dáa, inú wa á dùn, kódà àwa la máa kọ́kọ́ gbé èyí tí kò dáa kúrò.

Bí òkun ṣe gba Bar Beach, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró lójú kan, láti apá Àgbádárìgì ni ìgbì ti ń gbé e bọ̀ tó sì ń gbé e lọ sápá Lẹ́kí. Láàárín 1908 sí 1912 làwọn òyìnbó to òkúta ńláńlá sẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó, kí iyanrìn má bàa dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Òkúta yẹn ló dá iyanrìn dúró lápá ọ̀hún, Bar Beach tó wà lápá ìhín wá ń pàdánù tiẹ̀ láìrí òmíì gbà. Ìjọba ń fẹ̀rọ fa iyanrìn dà síbẹ̀, òkun ń kó o lọ, wọ́n tún dà, ó tún kó o, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá a yí i. Ní 2005 omi ru débi pé ó ya wọ Ahmadu Bello Way, àwọn ọ́fíìsì ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni wọ́n fi wá gbé ètò Eko Atlantic kalẹ̀, ìlú tuntun tí wọ́n fẹ́ kó fẹ̀ tó kìlómítà 10 níbùú lóròó lórí ibi tí òkun ti gbà, pẹ̀lú ògiri òkúta tí wọ́n ṣètò pé kó gùn tó kìlómítà 8.5. A ò ní purọ́, ògiri yẹn gba Victoria Island lọ́wọ́ omi, ẹni tó bá rí bí omi ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀ ò ní sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Àmọ́ Bar Beach tí gbogbo ìlú ń wá lọ́fẹ̀ẹ́ ti wọ abẹ́ ìlú tuntun yẹn, kò sì sẹ́ni tó ní ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin, ẹ̀yin onífótò, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ibí yìí la fún yín dípò ẹ̀.

Làwọn kan nínú wa bá kó lọ sí etí òkun Kúrámò. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ 2012 ni omi ya lu ibẹ̀ láàárọ̀, ó gbé ilé pákó àti èèyàn lọ, ìjọba sì wó ìyókù. Àwọn míì kọjá sí Alpha Beach lápá Lẹ́kí, ibẹ̀ náà òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ó jẹ títì, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń pariwo pé ìgbì tí ògiri ń dá padà ló ń wá bá àwọn. Ní 2024 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar, tó máa gùn tó kìlómítà 700, ilé ìgbafẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀ lápá Victoria Island lọ sílẹ̀, títí kan àwọn ibi olówó ńlá pàápàá. Èyí tó kù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ti ní fẹ́ǹsì, ó ti ní géètì, owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì yẹn lọ́jọ́ ọdún, tí tọkọtaya bá lọ́mọ mẹ́ta, wọ́n á ti na owó oúnjẹ ilé tán kí wọ́n tó rí omi. Tarkwa Bay ṣì wà lóòótọ́, omi ibẹ̀ sì rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀ débẹ̀, ṣé gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló lè san ìyẹn?

Ẹ̀yin àgbà, ó tún ku ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún kan ṣoṣo, ìyá tó ń yan ẹja á sanwó fún ẹni tó ní òun ló ni ilẹ̀, á san fún ẹni tó ní òun ń gba ti ìmọ́tótó, á san fún àwọn ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá sì bi wọ́n léèrè rìsíìtì, wọ́n á da ààrò ẹ̀ nù. Àwọn ẹlẹ́ṣin tiwọn le jù, torí ẹṣin ò mọ̀ pé èrò ò wá lónìí, bó jẹ́ ọjọ́ òjò bó jẹ́ ọjọ́ ọ̀dá ó gbọ́dọ̀ jẹ koríko àti bàbà, ẹni tó bá ti san irú owó wọ̀nyẹn láàárọ̀ á wá máa gun ẹṣin ọ̀hún kọjá agbára ẹ̀ kó lè rówó oúnjẹ ẹ̀. A ti rí ẹṣin tó wó lulẹ̀ nínú oòrùn, inú wa ò dùn sí i rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ó máa gbà lọ́wọ́ káńsù, kí iye ẹ̀ wà lára bọ́ọ̀dù tí gbogbo èèyàn lè kà, tí ẹlòmíì bá tún wá béèrè, ká lè nawọ́ sí bọ́ọ̀dù yẹn.

Ti omi ńkọ́? Òkun Èkó kì í ṣe ibi téèyàn ń wẹ̀ bó ṣe wù ú, etí ẹ̀ máa ń jìn lójijì, ìgbì tó bá ń padà sẹ́yìn á fa ẹsẹ̀ èèyàn lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì sábà máa ń bá a lọ. Àwọn géńdé wa ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n okùn àti táyà lásán ni wọ́n ní. A fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa gba àwọn òmùwẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ síṣẹ́, ó kéré tán láwọn ọjọ́ ọdún, kẹ́ ẹ sì ri àsíá pupa mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti le, kẹ́ ẹ fún àwọn géńdé tó ti wà níbẹ̀ láǹfààní àti kọ́ṣẹ́ náà, torí àwọn ló mọ ojú omi yẹn jù.

Àwa náà ò ní káwọ́ gbera. A máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún káńsù, oníkálukú á fi nọ́ńbà sọ́rùn, a ó kọ iye owó ẹṣin, kánópì àti jangilófà sójú táyé ti lè rí i kẹ́nikẹ́ni má bàa rẹ́ àlejò jẹ, a ó máa gbá etí òkun lálaalẹ́, ọ̀rá àti ike omi ò ní sùn níbẹ̀. Dókítà ẹran ọ̀sìn tí ìjọba bá rán wá, a ó kó gbogbo ẹṣin síwájú ẹ̀.

Ohun kan tó kù tá a fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe fún wa kíákíá ni pé, tó bá di dandan kí iṣẹ́ ìjọba gba ibi tá a wà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ kí katakata tó dé. Jangilófà ò ṣeé gbé sá láàárín òru, ẹṣin ò ṣeé kó sínú yàrá. Ẹ fún wa ní ìwé, ẹ fún wa ní oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fi ibi tá a máa kó lọ hàn wá, a ó kó lọ láìjà.

A ti yan èèyàn márùn-ún nínú wa, obìnrin méjì wà níbẹ̀, tó ṣe tán láti wá jókòó pẹ̀lú yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá, ì báà jẹ́ ọ́fíìsì yín, ì báà jẹ́ ààfin. À ń bẹ̀ yín pé kí ọjọ́ náà má kọjá oṣù kẹwàá, torí tó bá ti di oṣù kọkànlá a ti gbọ́dọ̀ máa tú jangilófà palẹ̀ fún Kérésì, a sì fẹ́ mọ ibi tá a máa rì í mọ́lẹ̀ sí.

Àwa ọmọ yín,
Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìgbafẹ́ létí òkun,
Alága, Ìyálọ́jà ẹlẹ́ja, Olórí ẹlẹ́ṣin àti Akọ̀wé ló fọwọ́ sí i.