Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú etí òrùlé ilé bàbá yín dànù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní àdúgbò Tákí níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ òrùlé ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ilé mẹ́rin ni wọ́n ti ṣí páànù àtijọ́ lórí wọn ní òpópónà wa, kò sì sí ọ̀kan tí ẹ máa rí etí rẹ̀ mọ́.

Etí tí mo wí yìí, ẹni tó bá dàgbà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ á mọ̀ ọ́n. Páànù pẹlẹbẹ ni. Wọ́n gé e ní ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn, wọ́n lu ihò róbótó kan sí àárín eyín kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá kàn án mọ́ pákó tó yí òrùlé ká. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń ràn, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ihò wọ̀nyẹn a máa tò sára ògiri bí ìlẹ̀kẹ̀. "Léèsì ilé" ni ìyá bàbá mi ń pè é. Ọdún 1938 ni bàbá bàbá mi fi owó tó rí nídìí òwò aṣọ ní Kùmásì kọ́ ilé náà. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì kó jáde ní 1969, abẹ́ etí òrùlé yẹn ni àwọn èèyàn wa sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo sì jókòó lórí ọ̀kan nínú àpótí náà.

Lọ́dún yìí òjò ń wọ yàrá òkè. A ṣe ìpàdé ẹbí, a dáwó jọ, a pe káfíńtà. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe irú etí yìí mọ́." Mo ní kó dúró ná. Mo lọ ra òwú lọ́jà. Kí n tó padà dé, ó ti tú apá ọ̀tún, ó ti ká a bí ẹni ká ẹní, oníkóńdẹ́ẹ̀mù ti gbé ìwọ̀n kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Owó ara mi ni mo fi ra etí ilé bàbá mi padà lọ́wọ́ oníkóńdẹ́ẹ̀mù. Ó dùn mí wọra.

Mo mú téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà, mo wọn páànù orí ilé náà. Láti ibi tó yọ sókè kan sí èkejì, íńṣì 3. Mo wọn eyín etí, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, íńṣì 3 náà ni! Eyín kọ̀ọ̀kan ló dúró sábẹ́ kòtò páànù kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi da omi sílẹ̀ láti òkè, mo dúró sísàlẹ̀ mò ń wò ó: omi gba kòtò wá, ó bá eyín sọ̀ kalẹ̀, ó kán bọ́ ní ṣóńṣó. Kò yí padà sára pákó. Ìyẹn ló fà á tí pákó iwájú ilé fi le koko dòní. Lẹ́yìnkùlé, níbi tí bọ̀ọ̀dá wa kan ti fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò léyín pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìka ni mo fi yọ pákó náà bí ẹni yọ àkàrà.

Bí a ṣe ń ṣe léèsì tó ya náà ni mo ṣe é. Mo ṣa èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí pé ìpẹtà ò tíì jẹ etí rẹ̀ kúrò, mo tẹ́ ẹ sórí bébà pátánì, mo fi bírò fa ìlà yí i ká. Bàbá kan tó ń fi páànù ṣe àrọ àti fìtílà ló bá mi gé e. Géèjì 32 la kọ́kọ́ lò, atẹ́gùn fẹ́, ó ń gbọ̀n bí ewé. Nínú ọ̀rọ̀ géèjì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i. A padà sí géèjì 26, ó sì bá ti àtijọ́ mu lọ́wọ́.

Káfíńtà fẹ́ kí n ra alumíníọ̀mù torí pé ó ń dán. Mo kọ̀. Irin tí wọ́n rì sínú síńkì ni etí àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìṣó rẹ̀ sì ti dípẹtà. Bí alumíníọ̀mù bá fara kan irin tó ti ṣí sílẹ̀, tí òjò ń rọ̀ sí wọn, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ dànù. Ẹ wo ilé tó kọjú sí tiwa, ìyẹ̀fun funfun ti yí gbogbo ojú ìṣó rẹ̀ ká.

Tuntun ń dán yanran, ti àtijọ́ rí bí eérú. Wọ́n ní kí n kùn ún. Ọ̀dà olóròóró kì í pẹ́ bó lára síńkì tuntun, mo fi í sílẹ̀ fún òjò, òun náà á ṣá tó bá yá. Gbogbo èyí tó dára nínú ti àtijọ́ la kó síwájú ilé, tuntun wà lẹ́yìnkùlé.

Àkọ́bí mi tó wà ní Wales ní síléètì, òkúta tí a máa ń kọ ABD sí lára nílé-ìwé láyé ijọ́un, ni wọ́n fi ń bo ilé lọ́hùn-ún. Ó ní ìṣó àti irin etí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kì í ṣe òkúta náà. Bí wọ́n bá ń tún un ṣe, wọ́n á ṣa èyí tó dára padà sórí, wọ́n á gé irin tuntun ní àwòṣe ti àtijọ́.

Ẹ̀yin olórí ẹbí, kí káfíńtà tó gòkè, ẹ sọ ẹyọ kan kalẹ̀, ẹ fa ìlà rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá yín. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ má tà á kí ẹ tó béèrè.

Pátánì tèmi wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹni méjì ti wá yà á. Ti ọ̀kan bá a mu. Ti àǹtí kejì, íńṣì 4 ni eyín tirẹ̀, òdòdó ni wọ́n gé sí i dípò ihò róbótó. Mo ti ní kó lọ bá mi sọ ẹyọ kan kalẹ̀, torí Sátidé ni káfíńtà ń bọ̀ nílé wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀, Tákí, Ògbómọ̀ṣọ́