Orúkọ Ló Jọra

Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí

Bọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Òkun o! Òtútù Kánádà ńkọ́? Níbí, ọyẹ́ ti ń la ètè wa.

O béèrè ṣọ́ọ̀bù. Ó ń lọ, àmọ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Mo ra ráútà Cisco àlòkù kan (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) tó ní ojú serial, ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ láti so ó mọ́ ráútà mìíràn, mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ráútà Huawei tí o fi sílẹ̀ fún mi. A ki wáyà bọ̀ ọ́, iná tàn, Cisco ní “Serial0/0/0 is up, line protocol is down”, ìyẹn ni pé wáyà ti so, àmọ́ wọn ò gbọ́ ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ wáyà. Mo tiẹ̀ ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi.

Àṣé wáyà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí mo ṣe máa fi lẹ́tà yìí sínú àpòòwé, bẹ́ẹ̀ ni ráútà ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá máa gba ojú serial kọjá. Bí o ò bá yí i padà, HDLC ni àpòòwé Cisco. PPP ni ti Huawei.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí n kúkú fi méjèèjì sí HDLC. Orúkọ yẹn ń tanni jẹ! Cisco fi báìtì 2 kún tirẹ̀ láti sọ irú ẹrù tó wà nínú. HDLC ti ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ káríayé, ò ní in. Òun ló jẹ́ kí Juniper, iléeṣẹ́ ráútà mìíràn, ní èyí tó ń pè ní cisco-hdlc. Frame Relay, àpòòwé àtijọ́ mìíràn, náà nírú ẹ̀: ti Cisco lọ́tọ̀, ti IETF, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́tọ̀. PPP ní tirẹ̀, RFC 1661, ìwé ìlànà ọdún 1994, ni gbogbo iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. O ṣáà rántí ọjà Kàbà: bí ará Ebira bá ń ná iṣu lọ́wọ́ ará Yàgbà, èdè tí ẹnu àwọn méjèèjì gbà ni wọ́n ń wá.

Mo tẹ encapsulation ppp sínú Cisco, àṣẹ tó ń yí àpòòwé rẹ̀ sí PPP, ó gbéra. Mo ní ká fi CHAP sí i, kí ráútà lè mọ̀ bóyá ẹni tó yẹ ló wà lódì kejì, torí gbangba ni PAP, ọ̀nà kejì, ń gbé pásíwọ́ọ̀dù kọjá. Ló bá tún kú! Ọmọ iṣẹ́ kan ló tẹ pásíwọ́ọ̀dù ní “Kabba” níhìn-ín, tó tẹ “kabba” lọ́hùn-ún. A tún un ṣe, mo ṣe ping láti wò ó bóyá wọ́n ń gbọ́ ara wọn: àmì ìyanu márùn-ún tò síra wọn, !!!!!, ni gbogbo wọn bá hó yèè.

Bí wọ́n bá ń kó wáyà serial dànù ní ọ́fíìsì yín, jọ̀wọ́ bá mi ṣa méjì. Mo ti fi ìbínú tẹ ẹnu ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń pààrọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni,
Fẹ́mi