Wọ́n ti tube wa pa, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́

London,
24 April 2022

Ìyá Ìbejì mi,

Báwo ni gbogbo ilé? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo voice note ẹ o, èyí tó gùn jù yẹn, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀rín ń pa mí, òyìnbó tó jókòó tì mí tiẹ̀ rọra sún sẹ́yìn. O ní kí ló dé tí mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbàkígbà tó o bá pè mí láàárọ̀, ṣé kì í ṣe pé ara mi ò yá. Ara mi le. Mo ń rìn ni.

Ṣé o rántí tube, trén abẹ́ ilẹ̀ tí mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, Northern line? Wọ́n ti tì í pa. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, apá tiwa ni, láti Kennington dé Moorgate, látọjọ́ 15 January, wọ́n ní ó di àárín May. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún gbáko! Elephant and Castle tí mo ti ń wọkọ̀, London Bridge, títí dé Bank tí mo ti ń bọ́ọ́lẹ̀, àwọn line yòókù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àmọ́ tèmi ò sí. Borough tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń kọjá níbẹ̀, wọ́n kúkú ti ilẹ̀kùn ẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yẹn dáa ṣá, mi ò ní torí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí kí n parọ́. Kí Corona tó dé, tó o bá dé Bank ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Ọ̀ṣọ́dì lo máa rò pé o wà, platform tóóró báyìí, àwọn tó ń bọ̀ àtàwọn tó ń lọ á wá fún ara wọn mọ́ àárín. Wọ́n ti wá gbẹ́ ihò tuntun fún trén tó ń lọ sí ìhà gúúsù, ihò àtijọ́ ni wọ́n máa sọ di ibi téèyàn á ti máa rìn. Ojú irin tuntun yẹn sì gbọ́dọ̀ so mọ́ ti tẹ́lẹ̀ lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀, trén ò sì lè máa kọjá kí wọ́n máa já irin so irin, ìdí tí wọ́n fi tì í nìyẹn. Mílíọ̀nù 700 pọ́n-ùn ni wọ́n pe owó gbogbo ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe náà, àgbà ni line yẹn, 1890 ni wọ́n ti ṣí apá àkọ́kọ́ ẹ̀, Elephant wa yìí sì wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, reluwé kankan ò tíì dé Èkó nígbà yẹn rárá.

Ibi tó ti ń dùn mí ni pé wọ́n ní àkókò yìí làwọn mú torí pé èrò ò pọ̀, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn? Èmi tí mo ń ṣe kíṣìnnì ní ọ́fíìsì, ṣé mo lè din ẹyin lórí Zoom? Bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà àárọ̀ ni kó o wá wò, Ìyá Ìbejì, o ò ní rí olówó kankan níbẹ̀, àwa tí à ń gbálẹ̀, tí à ń dáná, àwọn security tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti night, Yorùbá, àwọn ará Gánà, àwọn ará Colombia tó pọ̀ ní Elephant, gbogbo wa á gbórí lé fèrèsé, a ó máa sùn. Kò sẹ́ni tó bi irú wa pé ìgbà wo ló máa rọrùn fún wa.

Wọ́n fún wa ní bọ́ọ̀sì kan o, 733, láti Oval dé Moorgate, 35 náà sì wà bó ṣe máa ń wà. Àmọ́ bọ́ọ̀sì ò kí ń gba abẹ́ ilẹ̀! Tó bá dé Borough High Street báyìí, hẹ̀n, gósílóò dé nìyẹn, ẹ ó jọ máa wo afárá London Bridge lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ò ní débẹ̀. Supervisor wa ò gbọ́ irú ẹ̀, tó o bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, ó ti yọ owó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú owó ẹ, ó ní ṣebí wọ́n ti kéde ẹ̀ tipẹ́. Ìgbà tó yọ tèmi lẹ́ẹ̀kejì ni mo ní ó tó, mo ra bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo ẹ̀ ò tó máìlì méjì. Tí ẹsẹ̀ bá yá, mo ti dé ṣáájú 35.

Ṣé kí n wá sọ ti ìjì Eunice fún ẹ, ọjọ́ 18 February? Ìjì tó ya òrùlé O2, gbọ̀ngàn eré ńlá yẹn, ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, àwa ti wà níbi iṣẹ́. Orí London Bridge ló ti ká mi mọ́ bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, mo fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ afárá mú, mo fi èkejì di wíìgì mú, mò ń pe Ọlọ́run ìyá mi. Nígbà tó sì tún di March, àwọn òṣìṣẹ́ tube gan-an daṣẹ́ sílẹ̀ ní Túsìdeè kìíní oṣù àti Tọ́sìdeè ọjọ́ kẹta, gbogbo tube London dúró, gbogbo ayé wá rọ́ sínú bọ́ọ̀sì tiwa. Ọjọ́ yẹn ni mo rí àwọn onísúùtù tí wọ́n ń rìn lórí afárá, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ayé ti parẹ́.

Nǹkan kan wá wà níbẹ̀ o, mi ò tíì sọ ọ́ fún bàbá Dámi torí yóò ní kí n fi owó yẹn ra epo mọ́tò. Tube jẹ́ £2.50, bọ́ọ̀sì £1.65, ẹsẹ̀ ọ̀fẹ́. Mò ń tọ́jú ìyàtọ̀ ẹ̀ síbì kan. Tí wọ́n bá ṣí i tán ní May, màá lọ wo platform tuntun náà, ó kéré tán kí n rí ohun tí wọ́n fi ìyà jẹ mí lé lórí, àmọ́ pé màá máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ìyẹn ò dá mi lójú mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́, reluwé Mile 2 sí Marina tí wọ́n ti ń ṣe látìgbà tá a ti wà ní Fẹ́sítáàkì, ṣé ó ti ń gbérò? Mo mọ̀ pé o máa bú mi, má bínú.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ẹ ní June: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ́ sínú taxi ní Heathrow, owó ẹ ni wọ́n fẹ́ jẹ. Wọ Piccadilly line, aláwọ̀ búlúù dúdú, jókòó jẹ́ẹ́ títí dé Piccadilly Circus, bọ́ọ́lẹ̀, kó o wọ Bakerloo tó ń lọ sí Elephant, ibẹ̀ ló parí sí, o ò lè sọnù. Lift wà níbẹ̀. Àpótí kan ni kó o gbé o, àti èlùbọ́ mi, kí èlùbọ́ wà nínú báàgì ọwọ́.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Ìyá Dámi