Ẹ kọ́ àwa ìyá bí a ṣe ń fọwọ́ yẹ ìhà òsì ọmọ wò

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Eegun ríro àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó nìkan lẹ mẹ́nu bà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ti bí ọmọ SS sílẹ̀ ńkọ́? Ohun tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi kì í ṣe eegun rárá.

Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, spleen ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù. Òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó tún ń bá kòkòrò àrùn jà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS tó ti tẹ̀ bíi dòjé máa ń há síbẹ̀. Nígbà mìíràn á há rẹpẹtẹ lójijì, ikùn á wú, ẹ̀jẹ̀ á sì tán lára ọmọ láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 ló ń ṣe jù.

Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà. Ọmọ mi obìnrin ṣì kéré nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi, ó gbé ìka mi sábẹ́ egungun ìhà rẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ, ibi tó mọ nìyí. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, gbé e wá, bó ti wù kílẹ̀ ṣú tó." Bí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ tán ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tí nǹkan ọ̀hún dé, ara rẹ̀ kò gbóná. Ó kàn ń sùn ṣáá ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun báláú, ohun líle kan sì kún ọwọ́ mi lápá òsì. Ìyá ọkọ mi ní aràn ni, wọ́n ti ń wá òrí tí wọ́n máa fi wọ́ ọ níkùn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo gbé ọmọ gun ọ̀kadà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lóru náà, torí dókítà ní èyí tó há sínú lè tú padà, kí gbogbo rẹ̀ wá pọ̀ jù.

Òun náà ló sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá báyìí ní Jàmáíkà, tí ikú ọmọdé sì dín kù. Kò gba ẹ̀rọ, ìka lásán ni. Kí ló dé tí wọn kì í kọ́ wa lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Kí àwọn tó bí SC, oríṣi fòníkú-fọ̀ladìde mìíràn, náà má sinmi jù. Tó bá yá, spleen ọmọ SS sábà máa ń sunkì, kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún wọn ní penisilíìnì lójoojúmọ́ ní kékeré, pẹ̀lú àjẹsára òtútù àyà. Ti SC máa ń pẹ́ níkùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ SC ti di géńdé, tirẹ̀ ṣì wú, dókítà sì ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́, torí bí wọ́n bá gbá a níkùn, ó lè bẹ́. Inú ń bí i. Ìyá rẹ̀ ti gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ pamọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún máa kọ ọ́, ẹ ya ikùn ọmọ sí i, kí ẹ sì fi ibi tí ìka ń lọ hàn. Ọ̀pọ̀ ìyá lọ́jà wa kò ní kà á, ṣùgbọ́n wọ́n á wo àwòrán.

Ìyá elélùbọ́,
Bódìjà, Ìbàdàn